Kóòtù Tí Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Ń Tẹ̀ Lé Wọlé

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ yín wà láàyè, àfi èyí dúdú tó máa ń fa okùn bàtà yín. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti gbé e lọ. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, kó má dà bíi pé mò ń fi pamọ́ fún yín.

Bí ẹ ṣe ń ṣe é náà ni mò ń ṣe é. Láàárọ̀, kí n tó lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Hyde Road nílùú òyìnbó níbí, mo máa ń po oúnjẹ wọn, n kì í jẹ́ kó ṣàn jù. Mo máa ń pààrọ̀ omi, kó sì jìn tó kí wọ́n lè ri imú bọ̀ ọ́, torí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé imú pẹ́pẹ́yẹ tí kò bá rí omi wẹ̀ á dí. N kì í fún wọn ní búrẹ́dì, bí ìyá arúgbó ilé kejì tilẹ̀ ń jù ú sí wọn láti orí ògiri. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń tẹ́ koríko gbígbẹ sínú ilé wọn, mo sì máa ń wọ́n àlìkámà díẹ̀ sí i kó lè wù wọ́n láti wọlé.

Àmọ́ wọn ò wọlé. Bàbá, wọn ò wọlé rárá! Màámi ní, "Ta ló ń da adìẹ ìyá mi wọlé ní Ìkìrun? Fi wọ́n sílẹ̀ jàre, bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á lọ sùn." A fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni dúdú lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn káàkiri ẹ̀yìnkùlé nínú òjò. Adìẹ bà lókùn ni: ara ò rọ èmi, ara ò rọ àwọn náà. Màámi ní bí òmíràn bá tún lọ, àwọn á kó gbogbo wọn fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí ló tún ṣẹ́kù tó jẹ́ tiyín nílé yìí?

Aṣọ yín ti wà nínú àpótí. Ẹ mọ̀ pé ẹbí ló ń pín aṣọ ẹni tó bá papò dà, ẹ̀gbọ́n yín sì ń retí wọn. Ọmọ Ìkìrun kan tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì níbí ló fẹ́ bá wa gbé àpótí náà lọ sílé. Màámi ká gbogbo rẹ̀ sí i, títí kan kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ tí ẹ máa ń wọ̀ ti ibi iṣẹ́ yín ní Crumpsall bọ̀. Ta ni yóò wọ irú rẹ̀ nínú oòrùn Ìkìrun?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òtútù mú mi, mo yọ kóòtù náà, mo wọ̀ ọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Kí n tó mú ìgbálẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì wọlé. Ṣé ẹ mọ̀ pé kóòtù ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo sunkún.

Màámi rí mi láti ojú fèrèsé. "Ti ẹbí nìyẹn. Dá a padà." Mo dá a padà sínú àpótí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ yunifásítì náà wá gbé àpótí náà lọ.

Lánàá, bọ́ọ̀sì mi pẹ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo sáré délé, mo ti gbà lọ́kàn mi pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti ṣáájú mi. Màámi ni mo bá lẹ́yìnkùlé. Kóòtù yín ló wà lọ́rùn wọn, apá rẹ̀ gùn bo ọwọ́ wọn, àwọn pẹ́pẹ́yẹ sì tò tẹ̀ lé wọn. Màámi ti ìlẹ̀kùn ilé àwọn pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n fi irin há a, wọ́n wá dúró síbẹ̀ nínú òjò, wọ́n gbé ọrùn kóòtù náà sí imú. Mo rọra wọlé lọ gbé omi tíì kaná.

Ṣé ẹ̀gbọ́n yín á bínú bí wọ́n bá tú àpótí tí wọn ò bá kóòtù nínú rẹ̀? Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n.

Láàárọ̀ yìí, Màámi ní kí n má sáré wálé nírọ̀lẹ́ mọ́, pé àwọn á máa kó àwọn pẹ́pẹ́yẹ wọlé. Mo ní kí n bá wọn fọ kóòtù náà. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń po oúnjẹ wọn láàárọ̀, tí àárò yín ń sọ.