Kẹ̀kẹ́ Mítà Bàbá Yín Ń Yí Sẹ́yìn

Ọ̀kà Àkókó,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù kẹfà ọdún.

Muhsinah, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé kò sí òtútù lára? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Èkó tí ẹ wà yẹn, bí ẹ ṣe ń jáde nílé láyọ̀ ni ẹ ó máa wọlé láyọ̀, ẹsẹ̀ yín kò ní ṣì, ẹ kò sì ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Tí o bá ń béèrè èmi ìyá rẹ, ara mi le, orókún nìkan ló ń bá mi jà nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Safinat àbúrò rẹ ti bímọ ní Ṣúpárè, obìnrin ni, ó pupa bí epo. Ewúrẹ́ aláyà funfun bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Àgbàdo ẹ̀yìnkùlé ti ń yọ irùngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, o mọ̀ pé mi ò dáhùn. O ní Eunice, ìyàwó Nathaniel tó múlé tì wá, sọ fún ọ pé láti ìgbà tí o ti náwó gbé sólà sórí ilé fún mi, inú òkùnkùn ni mo ń gbé, pé mi ò tan fáànù, mo ti sọ fíríìjì di àpótí aṣọ, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ń gbé fóònù lọ fún ṣáàjì. O ní ṣé mo fẹ́ kí ayé fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. O tún ní ṣé orí mi pé. Ọmọ mi, orí mi pé. Ọ̀rọ̀ náà ni kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà, mi ò sì mọ ẹni tó lè dúró nínú afẹ́fẹ́ kó gbọ́ ọ. Ìwé ló dára. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí pé lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni Abdulwaheed, oníṣẹ́ sólà tí o rán sí mi láti Ìkàrẹ́, wá de àwọn pátákó dúdú yẹn mọ́ orí páànù. Ọmọ náà ní sùúrù. Ó mú mi jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní pátákó yẹn ló ń gba oòrùn, pé àpótí funfun tó kàn mọ́ ògiri pálọ̀, tí wọ́n ń pè ní ínfátà, ló ń sọ ohun tí oòrùn gbé wá di irú iná tí ilé ń lò. Ó ní kò sí bátìrì níbẹ̀ rárá, a kì í tọ́jú kankan pamọ́, inú waya kan náà ni iná tiwa àti iná ìjọba jọ ń rìn. Èyí tí a bá nílò, a ó lò ó, èyí tó bá ṣẹ́ kù á gba inú mítà jáde sí àdúgbò. Mo ní sí ilé ta? Ó ní ilé tó bá sún mọ́ wa jù. Ilé Eunice nìyẹn! Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ bá Eunice pé kó máa rọra fi iná mi lọṣọ, ó sì wò mí tìyanu-tìyanu. Nítorí náà, má bínú sí ọ̀rọ̀ ṣáàjì yẹn, iná tiwa ni mo lọ ń gbà padà.

Ọ̀rọ̀ mítà ló wá kù. O mọ mítà wa, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ irin pẹlẹbẹ nínú, tí àmì pupa wà létí rẹ̀, tí bàbá yín fọwọ́ ara wọn kàn mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni bàbá yín máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tó wà lójú rẹ̀ sára ògiri, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ gun òpó iná níbi iṣẹ́ wọn tí wọn kò fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ mọ́ ní èṣí, ìparí oṣù ni. 4317 ni wọ́n kọ. Láti ìgbà náà mi ò nu ún, mi ò sì kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí Abdulwaheed parí iṣẹ́, mo ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sán gangan, àsìkò tí àwọn àgbà máa ń ní kí ọmọdé má ṣe jáde. Oòrùn mú, kò sí ẹni tó ń kọjá, adìyẹ kò ké. Mo gbójú sókè. Kẹ̀kẹ́ yẹn dúró. Ó gbọ̀n díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. 4902 ló wà tẹ́lẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di 4894. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pe Abdulwaheed. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé iná tó ń jáde lọ sí àdúgbò ló ń dá kẹ̀kẹ́ padà, irú mítà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Mo bi í pé tó bá padà dé 4317 ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá, á dà bí ẹni pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ iye yẹn, ẹ kò tíì tan gílóòbù kan ṣoṣo. Ó ní á dà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn kò tíì kọjá. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, mi ò fi iyọ̀ sí i. Oníṣẹ́ ló sọ ọ́, ẹni tó kàwé.

Muhsinah, ìwọ náà rò ó wò. Tí ọjọ́ yẹn kò bá tíì kọjá, bàbá yín kò tíì gun òpó. Ìdí tí mo fi pa fáànù nìyẹn. Ìdí tí mo fi pa fíríìjì nìyẹn. Iná tí mo bá lò nínú ilé, kẹ̀kẹ́ kò ní fi yí sẹ́yìn. Mo fẹ́ kí gbogbo oòrùn orí ilé máa jáde, kí ọkọ mi lè tètè dé. Mo mọ̀ pé wọ́n wẹ̀ wọ́n, mo mọ̀ pé wọ́n kírun sí wọn lára, mo ṣe opó oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá láì yọ ọjọ́ kan. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ń yí.

Ohun tó tún dá ẹ̀rù bà mí ni ti àpótí ara ògiri. Ojú rẹ̀ a máa tàn bí ewé tútù tí iná ìjọba bá wà. Bí wọ́n bá ti mú iná báyìí, kódà kí oòrùn máa ran páànù, ojú yẹn á pọ́n, á dún lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé á sì dákẹ́. O rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni bàbá yín máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Mo bi Abdulwaheed léèrè pé irú iná oòrùn wo ló ń kú lọ́sàn-án. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, pé tí iná ìgboro bá ti lọ, àpótí gbọ́dọ̀ panu mọ́ lójú ẹsẹ̀, torí tó bá ń da iná sí waya, àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó á rò pé waya ti kú, wọ́n á sì fọwọ́ kàn án. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo lọ di igi ìbẹ́pẹ mú. Ohun tó pa bàbá yín gan-an ló sọ yẹn! Ẹnìkan tan jẹnẹrétọ̀ nílé láìyí ṣéńjóòfà tó ń ya iná ilé kúrò lára ti ìgboro, iná rẹ̀ sì gba inú waya lọ bá wọn lórí òpó. Àpótí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ta ló sọ fún un? Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń bo orí mi kí n tó kọjá níwájú rẹ̀, mo sì máa ń kí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo gbàgbé, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ṣọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn. Tí òjò bá ṣú, kì í rìn. Tí wọ́n bá mú iná, kì í rìn, mo sì máa ń sunkún. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ku mẹ́fà. Mo fọ jalabíà bàbá yín, mo nu àga wọn. Ní àná Jímọ̀, mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí tí mo fi ẹbọlọ sí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo dé abọ́ pa. Bí àwọn ọkùnrin ṣe lọ kírun, 4318 ló wà lójú mítà. Ó ku ẹyọ kan péré. Ìgbà náà ni wọ́n mú iná. Ojú àpótí pọ́n, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi.

Ọmọ mi, mo kígbe. Nathaniel gbọ́ ọ, ó fo ọgbà wọlé. O mọ̀ pé rédíò ló ń tún ṣe, kò sì sí waya tí kì í tọwọ́ bọ̀. Ó ní ìyẹn kò le, pé òun á gbé jẹnẹrétọ̀ òun wá, òun á so ó mọ́ waya ilé, àpótí á rò pé iná ìgboro ti dé, á sì jí. Ó ní iná á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kẹ̀kẹ́ á yí. Mo ní kó ṣe é kíákíá. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹnu ara mi. Ó so waya, ó ku kó fa okùn jẹnẹrétọ̀. Mo yíjú sí fèrèsé láti wo bóyá oòrùn ṣì mú. Mo wá rí àkàbà lára òpó iwájú ilé, mo rí akoto pupa lókè. Mujeeb ni, ọmọ tí bàbá yín kọ́ níṣẹ́, tó ń gun òpó báyìí.

Muhsinah, mi ò ní purọ́ fún ọ, mi ò tètè sọ̀rọ̀. Mo wo akoto, mo wo mítà. Ẹyọ kan péré. Lẹ́yìn náà ni mo fò mọ́ Nathaniel, mo já waya yẹn tu, mo ní kó gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kúrò ní ojúde mi kí n tó fi ọmọ odó fọ́ ọ. Mujeeb náà ní ìyàwó. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, àpótí dún lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Nathaniel kò dúró gba ẹnu ọ̀nà, ọgbà ló tún fò padà.

Kò pẹ́, iná dé. Mo dúró lábẹ́ mítà. Àmì pupa yí lọ, ó yí bọ̀, iye sì di 4317 geere, ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ara ògiri. Ìgbà náà ni wọ́n wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo kúnlẹ̀, mi ò gbójú sókè, mo ní ẹ káàbọ̀, oúnjẹ yín ti délẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wọlé wọ bàtà iṣẹ́. Mo rọra gbójú sókè. Mujeeb ni, ó di akoto mú lábẹ́ apá, ó ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi mímu ni.

Mo sunkún tó. Ẹ̀rù ba Mujeeb, ó fẹ́ padà, mo ní kó jókòó. Orí àga bàbá yín ni mo ní kó jókòó sí, mo sì gbé iyán fún un. Bó ṣe ń jẹun, ó bi mí pé ta ló ń wúkọ́ nísàlẹ̀ òpó nígbà tí òun wà lókè. Ó ní ìkánjú ti mú òun, pé òun fẹ́ fọwọ́ gbá waya mú láì kọ́kọ́ fi tẹ́sítà dán an wò bóyá iná wà nínú rẹ̀, ni ẹnìkan wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta nísàlẹ̀, bí ọ̀gá òun ṣe máa ń ṣe tí òun bá fẹ́ ṣìṣe. Òun wolẹ̀, kò sí ènìyàn. Mi ò sọ ti Nathaniel fún un. Mo fi ẹran kún tirẹ̀.

Ooru mú un, ó ń làágùn sórí oúnjẹ. Mo dìde, mo tan fáànù. Mo tan fíríìjì pẹ̀lú kí omi rẹ̀ lè tutù. Òjò sì ti ń ṣú láti ìhà Epinmi. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí kẹ̀kẹ́ tó dúró, ó gbọ̀n díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí síwájú. Mo lè lọ pa fáànù. Mi ò pa á. Láàárọ̀ yìí mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ 4319 sábẹ́ ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá yín, ó wọ́ díẹ̀.

Wàyí o, bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe fún èmi. Mo fẹ́ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn fún Mujeeb, torí èyí tó wọ̀ lánàá ti ya ní àtàǹpàkò. Tó bá ṣẹ́ kù, kí n fi se sàráà fún bàbá yín. Kí o sì bá mi bẹ Eunice, mo ti sọ fún un pé kó máa lọṣọ bó ṣe wù ú.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní jíjáde, á ṣọ́ ọ ní wíwọlé. Ohun tó ti kú kò ní jí sí ọ lọ́wọ́. Ẹni tí yóò wúkọ́ kìlọ̀ fún ọ kò ní wọ́n ọ. Kí ọkọ rẹ, kí àwọn ọmọ. Fáànù ń fẹ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń gbé ìwé lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsàmáù.