Bàbà àti Sáyánáìdì

Jemilat,

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí.

Ìgò lẹ́búlẹ́bú tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì tí a fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i, ó sì tàn yòò bí ojú ológbò. O ní bàbà àti sáyánáìdì, májèlé yẹn, ló so kọ́ra wọn bí àwọ̀n, tó fi ń tàn. Ṣebí omi tí èmi àti dádì rẹ ń ri ọwọ́ ilẹ̀kùn bọ̀ ní Mushin kí bàbà lè bò ó, kó sì dán náà nìyẹn. Ìwọ wọ ìbọ̀wọ́ po tìrẹ ní yunifásítì, wọ́n ń pè ọ́ ní dókítà. Èmi, o ní kí n da tèmi nù, pé òun ló pa dádì rẹ. Òun náà ló rán ọ níléèwé.

Ara mi le. Ìka méjì ò mọ ooru mọ́, iṣẹ́ wá ń yá. Má wulẹ̀ wá wò mí. O ò wá sin dádì rẹ, kí lo fẹ́ wá ṣe?

Bá mi kí ọkọ rẹ, àti àwọn ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá.

Omi ṣì kún inú ike, bàbà ló tán. Kìlò mẹ́ta tí o kó ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ sí yunifásítì, dá a padà.