Ṣọ́ọ̀ṣì tí mo sẹ́

Ìyá Doyin,

Ara mi yá ní Houston, àfi oorun tí kò wá. Doyin mú fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan bọ̀ láti Scotland: ògiri òkúta ṣì dúró, òrùlé ti wó, ilé agogo ṣófo, igi ti hù nídìí àga ìwàásù.

"Dádì, àgùntàn nìkan ló kù nínú ìjọ! Ṣé ẹ dé ibẹ̀ rí?"

Mo parọ́ pé rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kéde ìgbéyàwó èmi àti Alice, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi, fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta, pé kí ẹni tó bá ní àtakò sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ní ọ nílé dákẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo lo ọdún méjì tí mo sọ fún ọ pé ìwé kíkà ń dá mi dúró. Mo jẹ̀bi rẹ.

Bí o bá ṣì fẹ́ kí n wálé, pè mí.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìwọ ni n kò mọ bí mo ṣe máa kí.

Olúdọ̀tun