Wọ́n Ní Àwòdì Ti Sanra

Ilé Òṣùwọ̀n,
Ẹ̀gbẹ́ Ilé Ọ̀dà,
Ilé Iṣẹ́ Ọkọ̀.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìsinmi. Orúnkún ńkọ́? Ṣé ó ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu báyìí? Ìyàwó yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gba òṣùwọ̀n ilé ìdáná lọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹ̀ ń wọn iyọ̀ kí wọ́n tó dà á sọ́bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara mọ́ ọn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí èèyàn fi wọn ọkọ̀ kì í tán lára lọ́jọ́ kan. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ikọ́ tó ń da ìyá àwọn ọmọ láàmú ti lọ, wọ́n ní kí n kí yín.

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí Àwòdì, ọkọ̀ asáré wa tí ẹ wọ̀n títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti tún un yà láti imú dé ìdí. Ọ̀gá tó ya tuntun náà ni obìnrin tó máa ń wá bi yín ní ìbéèrè nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín sọ ní Ìyá Gíráàmù. Ó ṣèlérí fún àwọn ọ̀gá àgbà pé Àwòdì tuntun kò ní wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Tó bá wúwo jù ú, kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Ọdún mẹ́rin ló fi dọdẹ gíráàmù. Ó gé gbogbo nọ́ọ̀tì kúrú, ó ní kí wọ́n fín ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan mo bá a nílé oúnjẹ, ó gbé síbí sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó bíi pé síbí náà jẹ̀bi.

Àfi bí àhesọ ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Àwòdì ti sanra. Àwọn kan ní ó fi àádọ́ta kílò lé, àwọn mìíràn ní ọgọ́rùn-ún. Mo lọ gẹrun, onígbàjámọ̀ ní igba kílò ni, pé ẹni tó wọ̀n ọ́n gan-an ló sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun. Èmi tí mo wọ̀n ọ́n ni mo jókòó sábẹ́ abẹ rẹ̀ yìí. Mo ní ìyẹn mà pọ̀ o. Ó ní, "Ẹ ò lè mọ̀, bàbá. Ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni."

Ẹ sì mọ̀ pé bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ìwé tí mo fi kọ́ ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ni ẹni tó wá tún fáànù ṣe kà. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé Àwòdì tuntun fi kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n, iye kan náà ni. Àwọn ọ̀gá àgbà bá fi ìpàdé sí Ọjọ́ Ẹtì láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Gíráàmù.

Ẹ kò ní gbàgbé Bàbá Iyanrìn, àpò iyanrìn kílò márùndínlọ́gọ́rin tí à ń gbé sórí ìjókòó awakọ̀ tí a bá ń dán ọkọ̀ wò, tí a sì ń gbé kúrò kí a tó wọn ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kan òṣùwọ̀n láìjẹ́ pé mo wo àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kí n sì kí i sókè pé, "Ẹ kú ìjókòó, sà," kó lè dá mi lójú pé kò sí nínú ọkọ̀. Mo kí i lọ́jọ́ náà. Mo tún kí i nígbà kejì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù òtútù mi ni mo kí. Mo ti kọ́ ọ sórí àga yẹn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì fi fìlà lé e. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo Àwòdì kí ojú ayé má baà rí i, ṣe ni a kàn tì í gun òṣùwọ̀n. Bàbá Iyanrìn wà nínú rẹ̀ láti ìgbà tí a ti dán an wò, ó de bẹ́líìtì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo mọ̀. Òtútù mú mi, mo wá ẹ̀wù, mo bá a lórí àga. Mo wá Bàbá Iyanrìn, n kò rí i. Mo ká aṣọ dúdú sókè, mo rí i. Ó yẹ kí n sáré lọ sọ. N kò sáré. Oṣù mẹ́jọ ló kù kí èmi náà fẹ̀yìn tì, mo sì ń rò ó bí wọn yóò ṣe máa fi mí ṣẹ̀sín: olóṣùwọ̀n tó ń kí ẹ̀wù. Mo bá da aṣọ padà. Wọ́n ní irọ́ lè lọ lógún ọdún kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Tèmi kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó sì rẹ̀ mí. Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá Ìyá Gíráàmù níbi tó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí. Ó bi mí bóyá mo ní okùn tí òun lè fi dì í. Mo fún un lókùn. Ẹ̀gbọ́n, mo lọ mú okùn wá, mo fún un! Ìgbà tó ń ta kókó rẹ̀ ni ojú tì mí dénú egungun, mo bá jẹ́wọ́.

A tún ọkọ̀ wọ̀n níwájú àwọn ọ̀gá àgbà. Àwòdì tuntun fi kílò kan fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́, iṣẹ́ Ìyá Gíráàmù kò bọ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí. Onígbàjámọ̀ ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n yọ kó tó fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ìyá Gíráàmù bi mí pé, "Ọjọ́ wo lẹ ti mọ̀, sà?" N kò lè purọ́ mọ́. Mo ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó fi ìka ka ọjọ́ náà dé Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Ó dáa, sà."

Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ló ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Yóò dúró lẹ́bàá fèrèsé, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò kí Bàbá Iyanrìn pé, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi ńkọ́? Mo wà níbẹ̀. Mo ti gbé àga mi sún mọ́ tirẹ̀, bóyá ìkíni náà á kàn mí. Kò tíì kàn mí. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́ fún yín.

Bí bàbá ni Ìyá Gíráàmù ṣe mú yín. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé kó gbàgbé. Kó ṣáà kí mi.

Ẹ kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Bàbá Iyanrìn wà dáadáa, kò sẹ́ni tó ń bá a bínú.

Èmi ni àbúrò yín tó jẹ̀bi,
Olóṣùwọ̀n.