Morọ́láyọ̀ Ló Ṣe Èmi Nínú Fíìmù

Ojúlé Kẹrìnlá, Ọ̀nà Etídò,
Ìlàjẹ, Bariga,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Níní, ọ̀rẹ́ àtìgbà kékeré mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Fìyìnfólúwa ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Bàbá rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà dé láti orí òkun? Màámi ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ìfaradà ẹ̀fọn Ìgbọ́kọ̀dá. Àwa náà wà láàyè níbí. Ẹ̀yìn ń ro mí, èéfín ààrò ẹja ò sì jẹ́ kójú mi mọ́, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe àìsàn, iṣẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè pé kí ló dé tí mi ò pè ẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹja la sì sọ títí káàdì fi tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ ò ṣe é fẹnu sọ. Fíìmù tí wọ́n wá yà ládùúgbò wa níjọ́sí ti parí. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbé e jáde, tí gbogbo ayé á máa wò ó lórí fóònù, ìwọ àti Màámi náà á sì wò ó. Ọ̀rọ̀ Raphael àbúrò rẹ, ọmọ Màámi, wà nínú ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fún un lórúkọ mìíràn. Mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí ṣáájú fíìmù náà dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń bí mi nínú, kí àyà mi lè fúyẹ́. Ìtàn àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ni, tí wọ́n dàgbà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi àdá lé ara wọn kiri láti Pedro títí dé etí ọ̀sà. Ọmọbìnrin kan ló fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gbé wọn sá. Ta ni ọmọbìnrin yẹn? Gbogbo Ìlàjẹ ló mọ̀ pé èmi ni. Ọdún méjìlá rèé tí mo fi àwọ̀n bo Bọ́dúndé ẹ̀gbọ́n mi àti Olúmúyìwá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo tu wọ́n yípo dé apá Akoka bí ẹni ń tọwọ́ ọ̀sà bọ̀, tí mo sì gbé wọn kọjá níwájú àwọn tó ń wá wọn. Ó dáa, ta ni wọ́n wá mú pé kó ṣe èmi? Morọ́láyọ̀! Morọ́láyọ̀ tí a jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ṣakí nígbà tí ìjà yẹn le jù lọ. Ẹja tútù lásán, ìka méjì ló fi ń mú un.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré o. Aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀. Abíọ́lá, ọ̀gá tó ń darí eré náà, wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó ní, "Sister, no vex. Ẹni tí kámẹ́rà máa fẹ́ràn la ń wá." Kámẹ́rà! Mo délé, mi ò lè jẹun. Owú ń jẹ mí, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìgbà tí wọ́n tún wá lẹ àwòrán Morọ́láyọ̀ káàkiri, tó di àjẹ̀ mú nínú ọkọ̀ tójú rẹ̀ ń dán, apá kejì títì ni mò ń gbà kí n má bàa rí i. Mo tún máa ń yíjú wò ó.

Ṣùgbọ́n kí àwòrán yẹn tó jáde, wọ́n ti padà wá bá mi. Abíọ́lá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ́ Morọ́láyọ̀ bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ jọ ti gidi o." Mo gbà. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú. Ó wá bi mí pé irú àwọ̀n wo lòun máa fi bo àwọn ọmọ náà. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń tọwọ́ ọ̀sà bọ̀ tí àwọ̀n rẹ̀ ò ní máa kán tótó. Omi tó ń kán lára àwọ̀n mi lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n fura sí mi. Mo wojú Morọ́láyọ̀, mo ní àwọ̀n gbígbẹ ni, kó má bàa ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tún fún mi ní bisikíìtì. Mo sì jẹ bisikíìtì náà.

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, wọ́n ta aṣọ funfun sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pe gbogbo wa wá wo fíìmù náà. Bí Morọ́láyọ̀ ṣe tọwọ́ ọ̀sà yọ pẹ̀lú àwọ̀n tó gbẹ táútáú, Bàbá Delight, apẹja àgbà àdúgbò wa, dìde. Wọ́n ní, "Ẹ dúró ná! Ọ̀sà wo lọmọ yìí ti ń bọ̀ tí àwọ̀n rẹ̀ ò rin? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Àfi ìgbà tí fíìmù parí, tí wọ́n ń to orúkọ jáde, mo rí i gàdàgbà: Ìbíyẹmí, olùkọ́ iṣẹ́ odò. Ẹ̀rín kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Láti ọjọ́ náà, Tíṣà Àwọ̀n Gbígbẹ ni wọ́n ń pè mí. Morọ́láyọ̀ ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Ìbíyẹ, o ṣeun o," ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ìyẹn tọ́ sí mi. Kì í ṣe òun ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé.

Nínú fíìmù náà, ọmọ mẹ́ta ló padà wà lábẹ́ àwọ̀n. Ọmọbìnrin náà ti kúrò létídò, ni ẹ̀kẹta bá sáré dé orí afárá pákó, tó ń pè é. Ọmọbìnrin náà yí ọkọ̀ padà. Ó nawọ́ sí ọmọ náà, ó sì fà á wọlé. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Abíọ́lá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun lòun ro ibẹ̀ fúnra òun, kí ìtàn náà má bàa korò jù.

Níní, ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí owú ń jẹ́. Ti àwòrán ara ògiri yẹn, eré ọmọdé ni. Mo jowú ọwọ́ tó nà sí ọmọ náà débi pé mi ò lè gbé ọwọ́ tèmi sókè láti pàtẹ́wọ́.

Mo sọ fún ìwọ àti Màámi nígbà náà pé Raphael ò dé etídò, pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bá a, tí wọ́n sì pa á. Irọ́ ni mo pa. Ó dé etídò. Mi ò tíì tẹ àjẹ̀ bọ omi ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ tó fi pe orúkọ mi. Mo wẹ̀yìn, mo rí i. Apá rẹ̀ kan ń ṣẹ̀jẹ̀, kò lè lúwẹ̀ẹ́. Mo rí àwọn tó ń lé e bọ̀ náà. Bọ́dúndé wà lábẹ́ àwọ̀n níwájú mi. Mo kọjú síwájú, mo sì ń tu ọkọ̀ lọ. Ó tún pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó o dárí jì mí. Mi ò kàn fẹ́ kó o rí Morọ́láyọ̀ tó ń gbà á là, kó o wá máa rò pé irọ́ ni wọ́n pa pé ó dé ibẹ̀.

Bá mi kí Bàbá Fìyìn, kó o sì bá mi gbé ọmọ jó. Bọ́dúndé ní kí n kí yín, kò mọ ohun tí mo ń kọ. Màámi nìkan ni kó o má tíì kí fún mi, àfi ìgbà tó o bá mọ ohun tó o máa sọ fún wọn.

Èmi ni, bó o bá ṣì fẹ́ mi lọ́rẹ̀ẹ́,
Ìbíyẹmí.