Wọ́n Ṣebí A Kò Gbọ́ Yorùbá

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn pọ̀: oògùn tó pa irun orí Dọlápọ̀, ọmọ-ọmọ mi, rẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí kò tó, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò tì dáadáa. Ti òní ti wá lé e.

Mo mú un lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ lọ́sàn-án, nítorí kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè. Ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì rí orí rẹ̀, ó ní ká bọ́ síwájú. Obìnrin kan lẹ́yìn wa wo fìlà Hausa tí mo dé, ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Sànnu, Bàbá."

Ló bá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó bọ́ sí Yorùbá. "Kí lèyí tún ń gòkè fún? Ṣebí ọ̀run náà ló ń lọ."

Ọkọ ní, "Jẹ́ kó lọ yẹ ọ̀nà wò."

Dọlápọ̀ kì í sọ Yorùbá, àmọ́ ó ń gbọ́ ọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí: "Grandpa, ṣé èmi ni?"

Mo yíjú sí obìnrin náà, mo ní, "Ọmọ mi, a gbọ́ Yorùbá o." Mo rò pé ojú á tì í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. A ṣebí Hausa ni yín ni."

Ìyẹn nìkan ló tọrọ àforíjì fún. Wọ́n gba iwájú wa kọjá. Dọlápọ̀ fa ọwọ́ mi, ó ní ká máa lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ ní ká má padà síbẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá tún wá ńkọ́? Àmọ́ Ọjọ́bọ̀ ni Dọlápọ̀ yóò wọ ilé ìwòsàn, dókítà kò sì sọ ìgbà tí yóò jáde. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí bóyá èèyàn lè rí ilé wa láti òkè kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ọjọ́rú, tí èrò kò ní pọ̀, a ó lọ wò ó.