Géètìmáànù Inú Ìwé Yẹn Kò Pa Ẹnikẹ́ni

Bàbá mi, Bàbá Géètì gbogbo Ifọ̀,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú pẹ́ńsù. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní í rí mi, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kúnlẹ̀, ó máa dà bíi pé mo tún fẹ́ fi yín ṣeré ni. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe eré.

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni. Ìwé òyìnbó tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbàgbé sórí bẹ́ǹṣì ní teṣọ̀n rélùwéè, tí ọ̀gá teṣọ̀n ní kí ẹ mú lọ fún ọmọbìnrin yín tó ń sín gbogbo ayé jẹ.

Ẹ ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé géètì ojú irin, àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé á wà lórí itan yín, ẹ ó ní kí n máa fọhùn àwọn èèyàn inú rẹ̀. Nínú ìwé náà, wọ́n pa ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì kan nílùú òyìnbó. Inú yàrá ìkàwé ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ta ló pa á? Mo fi imú sọ̀rọ̀ fún olórí yunifásítì bíi ti ọ̀gá teṣọ̀n wa. Mo ń wúkọ́ fún ọlọ́pàá. Ẹ ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ ó máa fi fìlà nujú. Ṣùgbọ́n géètìmáànù yunifásítì yẹn lẹ ń bèèrè lójoojúmọ́. Ṣé ó ní ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì? Ṣé òjò kì í pa á? Ta ló máa ń dúró fún un tó bá fẹ́ kírun? Mo ní òyìnbó ni, kì í kírun. Ẹ ní ìyẹn ò ní kó má sinmi.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà nílé ìwé, ẹ mọ̀. Nígbà tí a dé ìdajì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn ju ọkọ̀ ojú irin tó ń kẹ́rù lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò lè kà á mọ́. Ni mo bá ń ti orí ara mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ tó sú mi, mo pa ìwé dé, mo ní ó ti parí: géètìmáànù ló pa ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣebí òun ló ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ti yẹgi fún un. Mo rò pé ẹ máa pariwo lé mi lórí, kí n wá bú sẹ́rìn-ín, bí ìgbà tí mo bá ké bíi fèrè ọkọ̀ ojú irin tí ẹ sáré lọ ti géètì lásán.

Ẹ ò pariwo. Ẹ wò mí.

“Ṣé wọ́n bi í léèrè?”

Mo ní wọn ò bi í. Ohùn adájọ́ ni mo fi sọ ọ́, mo tún fà á gùn. Ẹ dìde, ẹ ká àsíá yín, ẹ lọ dúró sídìí géètì, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kankan ò tíì ń bọ̀. Ẹ ò bèèrè ìwé yẹn mọ́. Fún nǹkan bí oṣù méjì ni mo fi ń sọ nínú ara mi pé ọ̀la ni màá jẹ́wọ́. Ibà wá kọlù yín. Ọjọ́ márùn-ún ló lò.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fún yín ni mo padà sídìí ìwé náà. Tíṣà tó ń gbé lójúlé kejì sí wa ló ràn mí lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta ló gbà wá. Bàbá, kì í ṣe géètìmáànù. Ọ̀rẹ́ òkú náà ni, ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tirẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. Iṣẹ́ tí olóògbé fi ogún ọdún ṣe ló fẹ́ sọ di tirẹ̀. Géètìmáànù ló tilẹ̀ rí iná lójú fèrèsé, tó lọ sọ fún ọlọ́pàá. Mo sunkún, àfi bí ẹni pé ẹbí mi ni wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Mo ní tí mi ò bá rí yín sọ fún, màá sọ fún àwọn tí ẹ máa ń dá dúró. Ní Jímọ̀ tó kọjá, géètì wà ní títì, wọ́n ń retí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo bá gorí àpótí yín, mo ṣí ìwé. Lọ́rì Lámídì dírẹ́bà ló wà níwájú, ó kó àwọn oníṣòwò láti Owódé pẹ̀lú gààrí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohùn tí mo ní. Mi ò tíì kà á jìnnà tí Lámídì fi yọrí síta.

“Ìwọ ọmọ yìí, o ti pẹ́ jù. Bàbá ẹ ti sọ ìtàn yẹn fún wa tipẹ́. Wọ́n pe géètìmáànù yẹn padà kí wọ́n tó yẹgi fún un. Adájọ́ ní kó jókòó, ó fún un lómi mu, ó wá bi í léèrè.”

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn lọ́rì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun gbọ́ ọ lẹ́nu yín, pé lẹ́ẹ̀kejì adájọ́ tún ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un. Mo dúró sórí àpótí, mi ò mọ èyí tí mo tún fẹ́ kà. Mo bi Lámídì pé kí ni géètìmáànù wá wí nígbà tí wọ́n bi í. Ó ní àwọn ò gbọ́ ìyẹn. Ó ní ọkọ̀ ojú irin ti kọjá, ẹ ti ṣí géètì, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń fọn hóònù.

Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mo ti wá ìdáhùn géètìmáànù nínú ìwé náà láti ẹ̀yìn dé iwájú, kò sí níbẹ̀. Kí ló wí?

Ọmọ yín ni, tó fẹ́ràn yín, tó sì dákẹ́, tó ń gbọ́.